Ẹ yẹ inú LNB wò, ẹ fi 0.1 dB tó wà lára páálí sílẹ̀

Bí ẹ bá ya ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ohun èlò díìṣì ní Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, tàbí ní Sábó ní Ṣàgámù, ẹ máa bá oríṣiríṣi LNB, orí kékeré tó ń jókòó síwájú díìṣì láti gba sígínà, lórí káńtà. Owó wọn ò dọ́gba, àwọ̀ ike wọn ò jọra, àmọ́ ohun kan náà ni wọ́n kọ sára gbogbo wọn: 0.1 dB. Oníbàárà á bi ọlọ́jà pé, “Ẹ̀gbọ́n, èwo ló ń gbé sígínà jù nínú wọn?” Ọlọ́jà á nawọ́ sí èyí tó wọ́n jù. Ìbéèrè tó lérè ni pé kí ló wà nínú rẹ̀: ṣé òkúta DRO àtijọ́ (seramíìkì tó ń dá ìgbì sílẹ̀) ni, àbí chip tó ní PLL (ohun tó ń de ìgbì mọ́ ojú kan) àti kírísítà tó ń darí rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ 0.1 dB yìí ná. Ariwo tí LNB fúnra rẹ̀ ń fi kún sígínà ni nọ́ńbà náà ń wọ̀n ní dB (decibel); bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó. Bí a bá sọ ọ́ di kelvin (K), òṣùwọ̀n ooru tí a tún fi ń wọn ariwo, 0.1 dB jẹ́ nǹkan bíi 7 K. LNB gidi tí a ń rà lọ́jà sábà máa ń wà láàárín 0.5 sí 0.8 dB, ìyẹn bíi 35 sí 59 K. Iye tí wọ́n kọ sí páálí, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Kódà ká ní òótọ́ ni, ẹ wo ibi tó máa já sí lọ́jọ́ òjò. Ẹ mú LNB méjì, ọ̀kan jẹ́ 0.3 dB, èkejì 0.7 dB. Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run mọ́, tí díìṣì fúnra rẹ̀ ń gba ariwo bíi 40 K, ti àkọ́kọ́ fi bíi 1.7 dB dára ju ti èkejì lọ. Tí òjò Òkúdù bá wá ń da omi sílẹ̀ tó gba 3 dB lára sígínà, òjò náà ń mú ariwo tirẹ̀ wá, ariwo tí díìṣì ń gbà á lọ sí bíi 160 K, ìyàtọ̀ àárín LNB méjèèjì á sì ṣẹ́kù sí 0.7 dB péré. Ìgbà tí a nílò rẹ̀ jù gan-an ló wúlò kéré jù. Ẹni tó bá fẹ́ kí àwòrán òun fara da òjò, kó gbé díìṣì 60 cm kúrò, kó gbé 90 cm síbẹ̀: 3.5 dB nìyẹn lójú ẹsẹ̀, àtòjò àtẹ̀ẹ̀rùn.

Ó wá ku inú ike. Iṣẹ́ LNB ni láti gba sígínà sátẹ́láìtì tí a ń pè ní Ku, tó ń bọ̀ láti 10.7 sí 12.75 GHz, kó sì sọ ọ́ kalẹ̀ sí 950 sí 2150 MHz, nítorí pé kébù RG6 tí a fi ń sọ̀kalẹ̀ wá sí pálọ̀ kò lè gbé 12 GHz kọjá mítà díẹ̀. Láti sọ ọ́ kalẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní orísun ìgbì tirẹ̀ nínú tí yóò fi yọ kúrò lára èyí tó ń bọ̀. Nínú LNB gbogbogbòò tí a ń lò, orísun ìgbì náà jẹ́ 9.75 GHz fún ìsàlẹ̀ àti 10.6 GHz fún òkè. Kí díkódà tó lè sọ èyí tó fẹ́, ó ń fi iná 13 V tàbí 18 V mú ìgbì V (tó dúró lóòró) tàbí H (tó nà gbalaja), ó sì ń fi ohùn 22 kHz kékeré lé e lórí kébù kan náà bó bá fẹ́ apá òkè.

Láyé àtijọ́, òkúta seramíìkì tó rí bíi bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì ló ń dá ìgbì yẹn sílẹ̀. Òun ni DRO. Ẹyọ méjì ni wọ́n máa ń tò sínú LNB kan, ọ̀kan fún 9.75, ọ̀kan fún 10.6, tíránsítọ̀ á jókòó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, síkúrù á sì wà lókè wọn nínú ìdérí irin. Bí síkúrù yẹn bá yí díẹ̀, ìgbì á ṣí kúrò ní ọ̀pọ̀ MHz. Chip ZNBG ti Zetex sì wà ní ẹ̀gbẹ́ tó ń pèsè fóltéèjì òdì fún ẹnu ọ̀nà àwọn tíránsítọ̀ HEMT (àwọn tó ń gbé sígínà ga láìfi ariwo púpọ̀ kún un), tó sì ń gbọ́ 22 kHz.

Chip àsìkò yìí kó púpọ̀ nínú rẹ̀ sínú ìkòkò kan, bí a ti ń kó ewùrà, ata, epo àti ẹja sínú ìkòkò ìkókoré kan ṣoṣo. TFF1014 ti NXP àti RDA3560 wà lára àwọn tí ẹ máa bá pàdé bí ẹ bá ṣí LNB. TFF1014 kò ju mìlímítà 2.5 sí 3.5 lọ, ó kéré sí kóró ẹ̀wà olóyin, ẹsẹ̀ 16 ló sì ní lábẹ́. Nínú rẹ̀ ni ohun tó ń pò ìgbì méjèèjì pọ̀ wà, orísun ìgbì, PLL tó ń dè é mọ́lẹ̀, àti ohun tó ń gbé sígínà tó ti sọ̀kalẹ̀ ga kó tó wọ kébù. 5 V ló ń jẹ. Kò sí òkúta, kò sí síkúrù.

Ohun kan ò wọ inú ìkòkò náà: tíránsítọ̀ HEMT tó wà lẹ́nu LNB. Ariwo chip fúnra rẹ̀ pọ̀, bíi 7 dB, torí náà bí a bá gbé e sí ẹnu ọ̀nà ní tààrà, kò ní gbọ́ nǹkan kan láti ojú ọ̀run. Bí HEMT méjì bá kọ́kọ́ gbé sígínà ga ní bíi 22 dB kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ariwo chip náà á wá di bíi 7 K péré nínú gbogbo àròpọ̀. Ìdí nìyẹn tí HEMT fi ń pinnu ariwo, tí chip sì ń pinnu bí ìgbì ṣe dúró sójú kan. Òun náà ló sì fà á tí ohunkóhun tó bá dúró níwájú HEMT, ìbáà jẹ́ omi tàbí ilé agbọ́n, fi ń ṣe ìjàǹbá ju kébù tó gùn lọ.

Kírísítà 25 MHz ló ń darí PLL yìí. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: 25 lọ́nà 390 jẹ́ 9,750, 25 lọ́nà 424 jẹ́ 10,600. Bí 22 kHz bá dé, chip kàn ń pààrọ̀ 390 sí 424 ni. Gbogbo àṣìṣe kírísítà sì ni PLL máa gbé ga pẹ̀lú rẹ̀. Kírísítà tí àṣìṣe rẹ̀ kò ju 30 nínú mílíọ̀nù kan lọ yóò fún wa ní àṣìṣe bíi 290 kHz ní 9.75 GHz. DRO lè ti fi 1 MHz yẹ̀ kúrò láti inú páálí, oòrùn ọ̀sán á sì tún tì í sí i.

Ó wá di ọ̀rọ̀ irú channel tí ẹ ń wò. Àwọn tó gbòòrò, bíi èyí tí symbol rate rẹ̀ (iye ẹgbẹ̀rún àmì tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan) jẹ́ 27,500, kò ka 1 MHz sí. Díkódà á wá wọn kiri, á sì rí wọn. Àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọn ò ju 2,000 sí 3,000 lọ ni ìyọnu wà lára wọn. Ara wọn kò fẹ̀ ju 3 sí 4 MHz lọ, bí LNB bá sì yẹ̀ ní 2 MHz, díkódà lè wá a tì. Àmì rẹ̀ ni pé channel náà á wà láàárọ̀, á lọ ní agogo kan ọ̀sán, á sì padà dé lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́ láìsí ẹni tó fọwọ́ kan díìṣì. Bí ẹ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má gun àjà. DRO ni, ẹ lọ ra ti PLL.

Ọ̀nà kan wà láti fojú rí ìyẹ̀ yìí, ó sì dùn ún wò. Sátẹ́láìtì Es’hail-2, tí wọ́n gbé sókè lóṣù kọkànlá ọdún 2018, wà ní 25.9°E, ìyẹn digíríì 25.9 sí ìlà oòrùn, àwọn tó ń fi rédíò sọ̀rọ̀ fún ìgbádùn ara wọn (amateur radio) sì ní ibi tiwọn lórí rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní QO-100. Àmì ìtọ́kasí kan ń dún níbẹ̀ tọ̀sán-tòru ní 10,489.750 MHz, ní V. Bí ẹ bá yọ 9,750 kúrò, ó ku 739.750 MHz. Díkódà kò lè dé ibẹ̀, torí láti 950 ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n RTL-SDR, ẹ̀rọ rédíò kékeré tí a ń kì bọ ihò USB kọ̀ǹpútà, lè dé e wọ́ọ́rọ́wọ́. Díìṣì 60 cm tó o. Láti Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ kọjú rẹ̀ sí 106° lórí kọ́ńpáàsì, kí ó wo òkè ní 63°.

RTL-SDR kò lè fún LNB ní iná. Ẹ nílò bias-tee, ohun kékeré tó ń ki iná sínú kébù, tó ń gba 12 tàbí 13 V láti inú ádápítọ̀, kí ẹ sì rí i dájú pé ẹnu tó lọ sí RTL-SDR ní ohun tó dí iná mọ́ ọn. Ẹ má pín kébù díkódà sí i láéláé. 18 V á jó o mọ́wọ́ yín. Tí gbogbo ẹ̀ bá ti jókòó, ẹ wo ìlà àmì náà lójú kọ̀ǹpútà. Ká ní ó hàn ní 739.680: orísun ìgbì LNB ti fi 70 kHz ga jù, ìyẹn bíi 7 nínú mílíọ̀nù kan. Ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ bo LNB, tàbí kí ẹ jẹ́ kí oòrùn yọ sí i látẹ̀yìn àwọsánmà. Ti PLL á rìn díẹ̀díẹ̀ bí ìgbín. Ti DRO á fò kúrò lójú ẹ̀rọ kí ẹ tó di mouse kọ̀ǹpútà mú.

Ní ti àìsàn, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa wò ni Signal Strength àti Signal Quality lójú díkódà, torí ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ. Strength ń ka agbára ohunkóhun tó bá wọlé, ariwo wà nínú rẹ̀. Quality ń ka ohun tí díkódà gbọ́ yé.

Bí Strength bá kún tí Quality sì jẹ́ òdo, LNB wà láàyè, HEMT ń ṣiṣẹ́, chip ń jẹ iná, ṣùgbọ́n ìgbì rẹ̀ lè ti já kúrò lókùn. Ó sì lè jẹ́ pé atẹ́gùn ló ti díìṣì, torí náà ẹ kọ́kọ́ wo bóòtù òpó. Bí díìṣì kò bá yí, kírísítà ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Quartz tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fọ́ bíi gíláàsì ni kírísítà jẹ́ nínú agolo rẹ̀. LNB tó bá já bọ́ láti orí àkàbà sórí kọnkéré lè dé ilẹ̀ láìní ojú àpá kankan, kí kírísítà inú rẹ̀ sì ti fọ́. DRO kì í ní àìsàn yìí. Ibẹ̀ ni òkúta àtijọ́ ti dára ju chip lọ.

Bí ó bá jẹ́ pé àwọn channel tó wà lókè 11.7 GHz nìkan ló lọ, 22 kHz ni kò dé, tàbí chip kò gbọ́ ọ. Àyẹ̀wò kan wà tí kò ná kọ́bọ̀. Ẹ mú channel kan tó wà ní 11,747 MHz bí àpẹẹrẹ. Tí 10,600 bá ń ṣiṣẹ́, 1,147 MHz ló máa gbà wọ díkódà. Bí LNB bá há sí 9,750, channel náà kò kú, ó kàn ṣí lọ sí 1,997 MHz ni, èyí tí díkódà ṣì lè gbọ́. Ẹ wọ ètò LNB nínú díkódà, ẹ yí i sí oní-9750 kan ṣoṣo, ẹ pa 22 kHz, kí ẹ sì wá 11,747 náà. Bó bá yọ, LNB ti há sí ìsàlẹ̀. Ó wá ku kí ẹ mọ ẹni tó jẹ̀bi nínú LNB àti díkódà, LNB míì lásán á sì sọ ọ́ fún yín. Àwọn channel tó wà lókè 11.9 kò ní yọ nínú àyẹ̀wò yìí, torí wọ́n á ti kọjá 2,150.

Bí gbogbo H bá lọ tí V kù, 18 V ló ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà. LNB ń gé e síbi bíi 14.5 sí 15 V. Ohun tó bá wà lábẹ́ ìyẹn, V ló máa kà á sí. Kébù ni gbogbo ayé máa ń dá lẹ́bi. Òótọ́ ni pé púpọ̀ nínú RG6 ọjà jẹ́ irin tí wọ́n kàn fi bàbà bò (ẹ gbé òòfà ẹ̀yìn sípíkà sún mọ́ wáyà àárín rẹ̀, bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni), àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Irin náà ní bíi 92 Ω fún kìlómítà kan. Mítà 40 jẹ́ bíi 3.7 Ω. Bí LNB bá ń fa 150 mA, kò ju 0.6 V lọ tó sọnù níbẹ̀. Kò tó láti gbé 18 wá sí 14. Ẹ tú F-connector tó wà lẹ́nu LNB: ẹ máa bá wáyà tó ti di àwọ̀ ewé, tàbí irin àárín tó ti dógùn-ún. Ẹ gé e sẹ́yìn títí ẹ ó fi rí bàbà tó ń dán, kí ẹ wé connector tuntun. Kí ẹ sì wọn fóltéèjì náà nígbà tí LNB ṣì wà lórí rẹ̀. Kébù tí nǹkan kan ò fà máa ń purọ́ pé 18 V pé.

Mítà ló máa sọ ìyókù. Ẹ gé kébù kúkúrú kan, ẹ fi mítà sáàárín wáyà inú rẹ̀ ní ipò mA, kí àwọ̀n wáyà ìta máa bá a lọ láìgé. LNB ẹlẹ́nu kan (tó ní ojú kébù kan ṣoṣo) tó ní chip kì í sábà kọjá 150 mA. Òdo túmọ̀ sí pé kébù já tàbí ohun tó ń sọ 18 V di 5 V nínú LNB ti jó, èyí tí àrá sábà máa ń kọ́kọ́ pa. Bó bá ti ń lọ sí 400 mA, nǹkan ti kan ara wọn nínú. Ẹ yọ ọ́ kíákíá kí díkódà má bàa bá a lọ.

Ṣé ó yẹ ká ṣí LNB ká tún un ṣe? Fún ti ẹlẹ́nu kan, owó iṣẹ́ fẹ́ẹ̀ tó owó tuntun, ká má purọ́. Fún ti ẹlẹ́nu mẹ́rin tàbí mẹ́jọ, ó ń sanwó. Ẹ tú ike, ẹ tú síkúrù ìdérí irin, ẹ máa rí bọ́ọ̀dù tí wọ́n ya bàbà wẹ́rẹwẹ̀rẹ sí. Àwọn ìlà bàbà wíwọ́ yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Àwọn gan-an ni àsẹ́ tó ń dí ìgbì tí a ò fẹ́. Ẹ má ha wọn, ẹ má da lẹ́ẹ̀dì sórí wọn. Bó bá jẹ́ kírísítà lẹ fẹ́ pààrọ̀, ẹ mú un láti ara LNB míì tó ní chip kan náà, nítorí 25 MHz méjì tí a kò ṣe fún kapásítọ̀ kan náà kì í dún bákan náà. Chip fúnra rẹ̀ ní irin ńlá lábẹ́ ikùn tó lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù; áyọ̀n lásán kò lè yọ ọ́, àfi hot air. Ibẹ̀ ni ooru rẹ̀ ń gbà jáde pẹ̀lú, bí lẹ́ẹ̀dì kò bá sì dé abẹ́ ikùn yẹn, chip á gbóná títí PLL á fi já. Ẹ fi ọtí isopropyl nu gbogbo ìdọ̀tí flux (ohun tó ń jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì lẹ̀) kúrò. Ní 12 GHz, ìdọ̀tí yẹn ń jẹ sígínà. Ẹ má fi ọwọ́ gbígbẹ kan HEMT lásìkò ọyẹ́. Iná ara ènìyàn nìkan á pa á.

Fún àwọn tó ń ta díìṣì tuntun mọ́lẹ̀ ní agbègbè wa: láti Ìjẹ̀bú-Òde, 36°E tí DStv ń gbà wà ní 101°, ó sì ga ní 52°. 42.5°E ti NigComSat-1R wà ní 98.5°, ó ga ní 45°. Ìyàtọ̀ Ṣàgámù tàbí Ìkẹ́nnẹ́ sí ìyẹn kò tó ìdajì digíríì kan. Nítorí gíga yìí, igi obì tó fi mítà 10 ga ju díìṣì lọ kò dí 36°E bí ẹ bá ti fi mítà 8 jìnnà sí i. Ohun tó ń kó àwọn ọmọ iṣẹ́ sí ìjọ̀ngbọ̀n ni yíyí LNB. Àwòrán tó wà nínú páálí, ti àwọn ará Yúróòpù ni, níbi tí LNB ti dúró fẹ́ẹ̀ẹ́ gan-an. Níhìn-ín a sún mọ́ equator, bí sátẹ́láìtì bá sì to H àti V rẹ̀ mọ́ ìlà equator, ó yẹ kí LNB yí ní bíi 77° sí òsì yín bí ẹ bá dúró lẹ́yìn díìṣì tí ẹ ń wo ibi tó ń wò. Ẹni tó fi í sí 0 fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé H sípò V. Strength á kún, channel ò ní yọ, wọ́n á sì máa bú LNB. Ẹ gbé e sí 77 lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ wá máa yí i díẹ̀díẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún títí Quality á fi ga jù.

Ìdérí ike ẹnu LNB ni kí ẹ fi parí àyẹ̀wò. Oòrùn ń sán an títí á fi fọ́ wẹ́wẹ́, omi á wọ inú ẹnu, ẹ ó sì rí i pé òjò ti dá ní aago méjì, àwòrán ò padà títí di ìrọ̀lẹ́. Bó bá sán, ẹ má fi gọ́ọ̀mù bo gbogbo ojú rẹ̀, torí gọ́ọ̀mù náà ń dí sígínà. Etí rẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi gọ́ọ̀mù dí, tàbí kí ẹ pààrọ̀ LNB. Ẹ jẹ́ kí kébù fì sísàlẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè wọ connector, kí omi lè máa kán sílẹ̀ níbẹ̀. Kí ẹ sì fi máàkà kọ ọjọ́ sí abẹ́ ike náà, pẹ̀lú iye mA tó ń fà ní 13 V àti ní 18 V, kí ẹni tó bá tún gun àjà yẹn lọ́dún mẹ́ta òní lè rí ohun tó máa fi wé.